Ikùn Kún, Àká Ṣófo: Ọmọ Tó Sanra Tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Kò Tó

Ìbéèrè tí ìyá kan fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé oṣù 20. Ó sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, gbogbo ẹni tó bá gbé e ló ń sọ pé ó wúwo. Kì í fẹ́ jẹun, àmọ́ ẹ̀mí rẹ̀ wà lára mílíìkì màlúù: ike mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún, lójúmọ́. A lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 8.2, wọ́n ní èròjà aṣaralóore kò tó lára rẹ̀. Ó bí mi nínú. Ọmọ tó sanra báyìí, báwo ni oúnjẹ kò ṣe ní tó o? Ṣé kí n kúkú ra fítámì olómi, èyí tí gbogbo nǹkan pé sínú rẹ̀? Kí tiẹ̀ ni iye tí ara ń fẹ́ gan-an? Mo tún ń gbèrò àtilóyún láìpẹ́, mi ò sì fẹ́ kí ó ṣe èyí tó ń bọ̀."

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ọmọ yín ń yó, kò sẹ́ni tó lè bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ lẹ́yìn ikùn, ara tún ní àwọn àká tó ń kó nǹkan pamọ́ sí: ọ̀kan fún irin, ọ̀kan fún fítámì A, ọ̀kan fún èyí, ọ̀kan fún tọ̀hún, àká kan kì í sì í yá èkejì ní nǹkan. Oúnjẹ lè kún ikùn fọ́fọ́ kí àká kan má rí hóró kan gbà níbẹ̀. Àká irin ọmọ yín ló ṣófo, mílíìkì tí ẹ rò pé ó ń gbé e ró ló sì dí ojú ọ̀nà ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò mílíìkì náà. Bí ike kan bá gba 250 mílílítà, mẹ́rin jẹ́ lítà kan, márùn-ún jẹ́ lítà kan àti ìdá mẹ́rin. Mílíìkì tí wọn kò yọ ọ̀rá rẹ̀ ní nǹkan bí kálórì 60 sí 65 nínú 100 mílílítà, nítorí náà kálórì 600 sí 800 ni ọmọ yín ń mu lóòjọ́. Ọmọ irú ọjọ́ orí rẹ̀ kì í sábà nílò ju nǹkan bí 1,000 lọ. Ẹ ti rí ìdí tí kì í fi í fẹ́ jẹun báyìí: ó ti jẹun tán kí ẹ tó gbé abọ́ dé. Kálórì yẹn náà ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Irin tó wà nínú gbogbo mílíìkì ọ̀hún ńkọ́? Kò tó mílígíráàmù kan. Mílígíráàmù 7 lóòjọ́ ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta.

Kò mọ síbẹ̀. Kálísíọ̀mù tó pọ̀ nínú mílíìkì àti amúaradàgbà inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìfun gba irin tó wà nínú oúnjẹ mìíràn dáadáa. Àwọn ọmọ kéékèèké kan tún wà, pàápàá àwọn tí kò tíì pé ọdún kan, tí mílíìkì màlúù máa ń mú kí ìfun wọn ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò ní hàn nínú ìgbẹ́, kò ní dùn wọ́n, ṣùgbọ́n irin ń bá a lọ. Ìdí nìyí tí a kì í fi í fún ọmọ ní mílíìkì màlúù bí ohun mímu gbòógì kó tó pé oṣù 12.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí 8.2 yẹn túmọ̀ sí, torí ẹni tó sọ ọ́ fún yín lè má ráyè ṣàlàyé. Gíráàmù 8.2 ni, nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀, ti himoglóbìnì, èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Irin ni wọ́n fi ń ṣe é. Fún ọmọ oṣù 6 sí 23, ààlà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sí i ni 10.5, bó bá ti wálẹ̀ ju 7 lọ, ó ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Ti ọmọ yín wà láàárín méjèèjì. Kò yẹ kó kó ìpayà bá yín, kò sì yẹ kí ẹ fi í sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀.

Bí irin bá ń tán, kì í tán lójú ẹ̀jẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Àká ló kọ́kọ́ ń ṣófo, ìyẹn irin tó wà ní ìpamọ́ nínú ẹ̀dọ̀ àti ibòmíràn, tí àyẹ̀wò ferritin máa ń fi hàn. Lẹ́yìn náà ni èyí tó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ á dín kù. Ìgbà tí kò bá wá sí ibi tí a ti lè yá mọ́ ni himoglóbìnì á ṣẹ̀ṣẹ̀ wálẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 8.2 ti ń jẹ gbèsè láti ọ̀pọ̀ oṣù sẹ́yìn, nígbà tí gbogbo ayé ṣì ń sọ pé ó wúwo.

Èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìwọ̀n àti gígùn nìkan ni mo máa ń wò nínú káàdì ọmọ. Wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, mo kọ "dáadáa ni" sí i, mo yìn ìyá rẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí wọ́n tún gbé e dé: ó ń fi èékánná yọ ẹfun ara ògiri, ó ń jẹ ẹ́. Mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ ìsàlẹ̀ wálẹ̀, inú ibẹ̀ funfun bí òwú. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i, kí n tó la ẹnu. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń fa ìpéǹpéjú wálẹ̀ kí n tó wo òṣùwọ̀n rárá. Ẹ ṣe é fún ọmọ yín lónìí, lójú ọ̀sán, létí fèrèsé. Ẹ tún kíyè sí i bóyá ó ń jẹ yìnyín, erùpẹ̀ tàbí bébà. Jíjẹ ohun tí kì í ṣe oúnjẹ wà lára àmì àìtó irin, kì í ṣe ìwà burúkú tí a ń lu ọmọ sí.

Ẹ béèrè iye tí ara ń fẹ́. Ìbéèrè yìí ló gbé mi jókòó kọ ìdáhùn tó gùn báyìí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ka nọ́ńbà ẹ̀yìn páálí láìmọ ibi tó ti wá. Àwọn onímọ̀ máa ń kọ́kọ́ wá iye tó tó fún ìdajì àwọn tí ara wọn dá, wọ́n á wá gbé e sókè títí tí yóò fi tó nǹkan bí 97 tàbí 98 nínú 100 ènìyàn. Èyí tí wọ́n gbé sókè yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ jáde. Nítorí náà, ẹni tí kò jẹ tó o lọ́jọ́ kan kò tíì ṣàìsàn. Bí a ṣe ń jẹun láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ló ṣe pàtàkì, torí iṣẹ́ àká náà ni pé kí ó gbé wa la ọjọ́ tí kò dára kọjá.

Ohun tó máa yà yín lẹ́nu nípa irin nìyí. Bàbá tó ti dàgbà tán, mílígíráàmù 8 ni tirẹ̀ lóòjọ́. Ọmọ oṣù 7 sí 12, mílígíráàmù 11! Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì lè rìn nílò irin ju bàbá rẹ̀ lọ. Bàbá kò dàgbà mọ́: bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá gbó lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 120, ara á yọ irin inú rẹ̀, á fi ṣe tuntun, ìwọ̀nba tó ń sọnù lóòjọ́ kò ju nǹkan bí mílígíráàmù kan lọ. Ọmọ ní tirẹ̀ ń kọ́ ilé tí kò sí tẹ́lẹ̀. Inú oyún, pàápàá láàárín oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, ló ti kó irin tó ń lò wá, èyí á sì máa tán lọ bó bá ti ń sún mọ́ oṣù 6. Omi ọmú dára, irin inú rẹ̀ sì ń tètè wọ ara, ṣùgbọ́n ó kéré. Ìyẹn wà lára ohun tó fà á tí a fi ń sọ pé ọmú nìkan fún oṣù 6, lẹ́yìn náà kí oúnjẹ gidi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Àlàfo tí ọmọ yín jìn sí kò jìnnà sí ibẹ̀: ọmú lọ, mílíìkì wọlé, oúnjẹ tó ní irin kò rí àyè.

Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù nílò 18. Aláboyún, 27. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀.

Àwọn èròjà ńlá mẹ́ta, afúnnilókun, amúaradàgbà àti ọ̀rá, kì í pẹ́ ṣàlàyé. Gíráàmù kan afúnnilókun tàbí amúaradàgbà ń fún ni ní kálórì 4, ti ọ̀rá ń fún ni ní 9. Àgbàlagbà nílò nǹkan bí gíráàmù 0.83 amúaradàgbà fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, ìyẹn nǹkan bí 50 fún ẹni tó wọ̀n kílógíráàmù 60. Ọmọdé nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá fi ìwọ̀n ara wọn ṣírò. Nínú àwọn èròjà kéékèèké tí a fi ń mọ amúaradàgbà, mẹ́sàn-án wà tí ara àgbà kò lè dá ṣe. Àwọn oúnjẹ oníhóró bí ìrẹsì àti àgbàdo ṣaláìní ọ̀kan nínú wọn tó, ẹ̀wà sì ní i dáadáa. Ẹ̀wà ṣaláìní òmíràn, oníhóró ní ti ibẹ̀. Bí a bá jẹ méjèèjì, ọ̀kan á dí àlàfo èkejì. Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí èyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni ti àká, torí wọn kò tóbi bákan náà. Fítámì B12 tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́ kò ju máíkírógíráàmù 2.4 lọ, ẹ̀dọ̀ sì lè tọ́jú èyí tí yóò lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó dáwọ́ ẹran, ẹja, ẹyin àti mílíìkì dúró pátápátá lè máa fọ́nnu fún ọdún mẹ́ta pé nǹkan kan kò ṣe òun, kó tó di pé ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri. Fítámì A lè wà nínú ẹ̀dọ̀ fún oṣù mélòó kan. Fítámì C, bí èèyàn kò bá jẹ ẹ́ rárá, oṣù kan sí mẹ́ta ni èrìgì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Fítámì B1 kò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ. Síńkì kò tiẹ̀ ní àká kankan tí a lè nawọ́ sí, ohun tí a jẹ láìpẹ́ ni a ń ná. Ìgbẹ́ gbuuru sì ń gbé e lọ, ló fi jẹ́ pé a máa ń fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru ní síńkì fún ọjọ́ 10 sí 14.

B1 yìí ló kọ́ ayé pé ikùn kíkún lè pa èèyàn. Láàárín 1882 sí 1883, ọkọ̀ ojú omi ológun ilẹ̀ Japan kan, Ryujo, rin ìrìn àjò ọ̀pọ̀ oṣù. Nínú ọkùnrin 376 tó wà nínú rẹ̀, 169 ló dùbúlẹ̀ àìsàn beriberi: ẹsẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rọ, ọkàn ń lù kìkì, 25 kú. Ebi kò pa wọ́n, ìrẹsì funfun wà níbẹ̀ ní àjẹṣẹ́kù. Dókítà ọmọ ogun ojú omi náà, Takaki Kanehiro, bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi jẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn, Tsukuba, gba ọ̀nà kan náà ní 1884 pẹ̀lú oúnjẹ tí ẹran, mílíìkì àti búrẹ́dì ti dín agbára ìrẹsì kù. Kò sí ẹnì kan tí beriberi pa. Takaki rò pé amúaradàgbà ló ṣe é, ó sì ṣìnà níbẹ̀, àmọ́ àwọn ọkùnrin inú ọkọ̀ náà ti délé láàyè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni dókítà mìíràn, Christiaan Eijkman, ní erékùṣù Java, rí i pé adìẹ tí wọ́n ń fi ìrẹsì tí a ti bó èèpo rẹ̀ bọ́ máa ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí èyí tó ń jẹ ìrẹsì pẹ̀lú èèpo inú rẹ̀ kò sì ní nǹkan kan. Ẹ̀rọ tó ń mú kí ìrẹsì funfun bí ẹyin ló ń fá B1 dànù. Wọ́n fún Eijkman ní ẹ̀bùn Nobel ní 1929. Ní 1912 ni Casimir Funk ti fún irú àwọn èròjà bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí a sọ di fítámì. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀ ni pé B1 ni ara fi ń sọ oúnjẹ afúnnilókun di agbára. Bí ìrẹsì tí wọ́n ń jẹ ṣe ń pọ̀ sí i ni B1 tí wọ́n nílò ń pọ̀ sí i. Yíyó wọn ń mú kí gbèsè náà ga.

Òmíràn tún wà tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ yín jù, torí pé níbẹ̀, èròjà wà nínú oúnjẹ ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Àgbàdo ní fítámì B3, àmọ́ ó wà ní dídè, ìfun kò lè tú u. Àwọn ará Mexico àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ti máa ń se àgbàdo wọn nínú omi ẹfun láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn, ìyẹn ló sì ń tú ìdè náà. Àwọn tó gbé àgbàdo lọ sí Yúróòpù gbé hóró, wọ́n fi ẹfun sílẹ̀. Àìsàn pellagra tẹ̀ lé e: awọ ara tí oòrùn ń bà á di dúdú ó sì ń bó, ìgbẹ́ gbuuru, orí á dàrú, ikú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún tálákà ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n sì ní kòkòrò ló ń fà á. Ìjọba rán Dókítà Joseph Goldberger síbẹ̀ ní 1914. Ó wò ó pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú kò ní in, àwọn tí wọ́n ń tọ́jú nìkan ló ní i. Kòkòrò kì í yan ẹni. Kí wọ́n lè gbà á gbọ́, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn sí ara ní 1916, wọ́n tún gbé èépá awọ wọn mì. Nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Ó kú ní 1929 láìrí orúkọ èròjà tó ń wá. Onímọ̀ kan, Conrad Elvehjem, ló rí i ní 1937 pé B3 ni.

Irin náà ní ìdè tirẹ̀. Èyí tó wà nínú ẹran, ẹ̀dọ̀ àti ẹja máa ń wọlé wẹ́rẹ́. Èyí tó wà nínú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ọkà, ibi tó kéré ni ìfun ń gbà nínú rẹ̀, tíì àti kọfí tún ń dín in kù, kálísíọ̀mù mílíìkì ń dín in kù. Ohun tó ń tú u ni fítámì C. Abọ́ ẹ̀wà tí a fi ọsàn díẹ̀ tàbí tòmátò tútù tẹ̀ lé, tàbí tí ẹran lílọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ń fún ọmọ ní irin ju abọ́ ẹ̀wà kan náà tí a fi ike mílíìkì tì sísàlẹ̀ lọ. Ohun kan náà ló jẹ, ohun tó wọ ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò kí n tó dá yín lóhùn nípa fítámì olómi. Nígbà mìíràn, ohun tí ojú ń pè ní sísanra, omi ni. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ ọmọ náà, ọ̀tún àti òsì, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò. Bí ihò bá kù síbẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni o. Kwashiorkor nìyẹn lè jẹ́, àìsàn àìjẹunre-kánú tó ń mú ara ọmọ wú, tàbí àìsàn mìíràn tó le. Dókítà Cicely Williams ló fi orúkọ yẹn hàn fún àwọn oníṣègùn nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1935. Ọ̀dọ̀ àwọn Gáà, ní ilẹ̀ tó di Gánà, ló ti gbọ́ ọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àìsàn tó ń mú ọmọ àgbà nígbà tí àbúrò bá dé tó sì gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Ti ọmọ tó gbẹ kangó rọrùn láti rí ju èyí lọ: okùn òṣùwọ̀n yí apá rẹ̀ ká, bí ọmọ oṣù 6 sí 59 kò bá tó mílímítà 115, a mọ̀ pé ebi ti mú un gan-an. Mi ò rò pé ọ̀kankan nínú rẹ̀ ni tiyín, ṣùgbọ́n kò gbà yín ní ìṣẹ́jú kan láti tẹ ẹsẹ̀.

Ó kan fítámì olómi. Ẹ má rà á fún èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní irin tó lè tọ́jú ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wá sí 8.2, àwọn kan kò tiẹ̀ ní in rárá, ike mílíìkì á sì ṣì wà níbi tó wà. Èròjà kan ló tán, òun gan-an ni kí a dá padà, ní ìwọ̀n tí dókítà bá fi kílógíráàmù ọmọ ṣírò. Ìdí kejì tí mi ò fi fẹ́ràn àdàlù "gbogbo nǹkan" ni pé fítámì A àti D kì í bá ìtọ̀ jáde bí ó bá pọ̀ jù. Inú ọ̀rá àti ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì lè ṣe ìpalára níbẹ̀.

Bí wọ́n bá kọ oògùn irin fún un, ẹ fún un láàárín oúnjẹ sí oúnjẹ, pẹ̀lú omi ọsàn díẹ̀, kó jìnnà sí mílíìkì. Ìgbẹ́ rẹ̀ á dúdú, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ ta á sí ẹ̀yìn ẹnu kó má bàa sọ eyín di dúdú. Ẹ sì gbé ìgò náà sí ibi tí ọwọ́ ọmọ kankan kò lè dé, kí ẹ ti ibẹ̀ pa: irin tí ọmọdé bá dá mu ní àmujù lè pa á. Mi ò sọ ìyẹn láti dẹ́rù bà yín, mo sọ ọ́ torí pé òun ni apá tí àwọn ènìyàn máa ń gbójú fò.

Mílíìkì, ẹ gé e sí 500 mílílítà lóòjọ́, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú ife ni kó ti máa mu ún, ẹ sì gba ike lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Oúnjẹ ni kó kọ́kọ́ dé iwájú rẹ̀, kí mílíìkì tẹ̀ lé e lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì. Á ké. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ á gùn, ìyá àgbà á sọ pé ẹ ń febi pa ọmọ, ẹ̀yin náà á fẹ́ gbà. Ọmọ tí mílíìkì kò kún inú rẹ̀ mọ́ á jẹun nígbà tó bá yá. Ẹ lọ ẹran kúnná, ẹ fi ẹja tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ sí i, ẹ̀wà tí ó jinná dáadáa, ẹyin; díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́. Ẹ má fún un ní tíì.

Ti oyún tó ń bọ̀ wàyí. Folic acid, ọ̀kan lára àwọn fítámì B, ni ẹ kọ́kọ́ máa nílò, máíkírógíráàmù 400 lóòjọ́, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ó kéré tán oṣù kan ṣáájú. Ìdí tí mo fi ń kánjú ni pé ihò tó ń di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ máa ń pa dé láàárín ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún bá dúró, bí kò bá sì pa dé, ọmọ á ní àbùkù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún nígbà náà. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1991, láàárín àwọn ìyá tí wọ́n ti bí ọmọ tó ní àbùkù yẹn rí, folic acid dín in kù ní nǹkan bí ìdá 72 nínú 100. Àwọn yẹn, ìwọ̀n tó ga ju 400 lọ ni wọ́n ń lò. Áyódíìnì tí ara nílò náà ń gòkè, láti 150 sí 250 máíkírógíráàmù nígbà oyún. Bí kò bá tó, gẹ̀gẹ̀ ọrùn ni ìyá lè ní, ṣùgbọ́n ọpọlọ ọmọ ni ọ̀ràn náà dé bá. Iyọ̀ tí wọ́n fi áyódíìnì sí ló yanjú èyí jù káàkiri ayé. Switzerland bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1922. Ẹ wo ara páálí iyọ̀ yín, kí ẹ sì máa dé e. Fítámì A nìkan ni ẹ kò gbọdọ̀ ṣàfikún rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀, torí àpọ̀jù rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún lè ṣe ọmọ inú ní àbùkù. Ẹ má jẹ ẹ̀dọ̀ lójoojúmọ́ nítorí àtikó irin jọ.

Kí ẹ tó lóyún, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ferritin tiyín náà wò, kì í ṣe himoglóbìnì nìkan. Àká yín ni ọmọ tó ń bọ̀ máa kó tirẹ̀ láti inú rẹ̀, bóyá àkọ́kọ́ tiẹ̀ ti kó o lọ lẹ́yìn tó gbọn ilẹ̀ ibẹ̀, mi ò lè mọ̀ láti ibi tí mo jókòó sí.

Ẹ padà lọ ṣe àyẹ̀wò ọmọ yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó bá ti ń lo irin. Ó yẹ kí 8.2 ti gòkè ní gíráàmù kan ó kéré tán. Bó bá gòkè, ẹ má dáwọ́ oògùn dúró torí pé inú ìpéǹpéjú rẹ̀ ti pupa. Himoglóbìnì á kọ́kọ́ gba tirẹ̀, àká á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kún, nítorí náà a máa ń bá a lọ fún oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti pé. Bí kò bá gòkè, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ fún un déédéé, tí mílíìkì sì ti wálẹ̀, ẹ má fi kún oògùn. Ẹ sọ fún dókítà kó wá ibòmíràn: ibà, aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun, àrùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń jogún bí ẹ̀jẹ̀ onídòjé (sickle cell) tàbí thalassaemia. Ẹ mú ìwé kan dání tí ẹ kọ iye mílíìkì tó mu lóòjọ́ sí fún ọjọ́ méje, ní mílílítà. Ìwé yẹn wà lára ohun tí èmi á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín.